Ọkọ̀ Ogun Jacob Ajíbádé

Bí ìgbéraga bá jẹ́ àgbàdo, aká Jacob Ajíbádé ìbá ti ya. Akọ̀wé ni níbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó ní Lálúpọn, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní akọ̀wé. Ọ̀gágun ni kí ẹ pè é. Ọ̀gágun Ajíbádé, Arógun-má-sàá, Ajagun-lórí-àga. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti máa ń pè é bẹ́ẹ̀.

Kò sí àlejò tó wọ abúlé wa, Agbédó, tí Jacob kò ní sọ ìtàn ogun Bọ́mà fún. “Èmi ni mo wa táńkì tó kọ́kọ́ wọ ìlú wọn,” ni yóò wí. Kí ìtàn náà tó parí, iyán á ti tutù, àlejò á ti máa wo ojú ọ̀nà.

Ní ọdún 1964, Jagun abúlé wa kú. Baálẹ̀ Sàníù wá ń wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹran yòówù tí wọ́n bá pa ní Agbédó, itan kan ti Jagun ni. Itọ́ kún ẹnu Jacob.

Ó wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, ó ra páálí kan ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó. Àwòrán táńkì, ọkọ̀ ogun onírin, ló wà lára páálí, ṣùgbọ́n rọ́bà wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ẹnu ìbọn rẹ̀ o, ẹsẹ̀ rẹ̀ o, orí rẹ̀ o, gbogbo wọn so mọ́ ọ̀pá rọ́bà bí èso tí kò tí ì pọ́n. Ohun ìṣeré àwọn ọmọ òyìnbó ni. Wọ́n á gé e, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, yóò di ọkọ̀ ogun tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ.

Jacob ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ó fi abẹ gé wọn, ó fi góòmù lẹ̀ wọ́n. Góòmù so ìka rẹ̀ méjì pọ̀ títí awọ wọn fi bó; ó ní àpá ogun ni. Ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́wùnmí, gbé oúnjẹ wọlé, ó wo nǹkan náà.

“Bàbá Dàpọ̀, ṣé ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọ ẹnu ìbọn sí ní Bọ́mà?”

Jacob rí i pé òun ti lẹ orí ọkọ̀ sódì. “Bí a bá ń fi ọgbọ́n padà sílé ni,” ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Kí a má parọ́ mọ́ ọn, ó ṣe é dáadáa nígbẹ̀yìn. Ọ̀dà fèrèsé tó ṣẹ́ kù ló fi kùn ún. Ó fi èéfín àtùpà pa ẹnu ìbọn rẹ̀ kí ó lè jọ èyí tó ti yìn, ó sì fi ẹrẹ̀ ra á lẹ́sẹ̀. Ó wá fi iná sí ìṣó, ó fi dá ihò ọta sí i lára. Ìṣó náà wọlé bí ìgbà tí a bá ki ìka bọ òrí. Jacob rí i, ṣùgbọ́n ó gbé ọkàn kúrò níbẹ̀.

“Irin táńkì mi gan-an ni,” ló sọ fún wa. “Ìjọba òyìnbó ló yọ díẹ̀ níbẹ̀ fi rọ èyí fún mi. Ẹrẹ̀ Bọ́mà lẹ rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yẹn.”

Ọwọ́ ẹni tí kò jagun rí kò gbọdọ̀ kàn án. Ojú ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ rí ogun lófo. Bí iṣu ṣe ń wọlé Jacob ni àkùkọ ń wọlé. Ìyá arúgbó kan, Mùsílímátù, mú ẹyin wá, ó wo táńkì náà títí.

“Ọmọ mi, ibo lẹ ń gbà wọ inú rẹ̀?”

“Ìyá, ó ti súnkì ni. Irin máa ń súnkì bí ogun bá parí.”

Baálẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì fi oyè Jagun fún un.

Lọ́jọ́ ìwúyè, Bàṣírù awakọ̀ gbé lọ́rì rẹ̀ wá láti Mọ́níyà kí ó fi gbé Jacob láti Lálúpọn wọ abúlé. Èéfín ti ń rú níwájú lọ́rì náà. Jacob wọ kaki gbígbó, ó gbé táńkì rẹ̀ sórí itan.

“Kí lo ń gbé e pamọ́ sí?” ni Baálẹ̀, tó bá wa wá pàdé rẹ̀ ní Lálúpọn, bi í. “Gbé e sí imú mọ́tò, kí àwọn ará oko lè rí i.”

“Baba, iwájú mọ́tò yìí gbóná,” ni Bàṣírù wí. “Àtàárọ̀ ló ti ń hó.”

“Ṣebí irin ni?”

Gbogbo ojú yí sí Jacob. Ó rántí ìṣó. Bó bá sọ òótọ́ nígbà náà, ìtìjú kékeré ni ì bá jẹ. Ṣùgbọ́n itan màlúù ló ń rí lọ́ọ̀ọ́kán. Ó gbé itọ́ mì.

“Irin ni, Baba. Ó ti la iná Bọ́mà kọjá.”

Wọ́n fi okùn dè é mọ́ iwájú, lọ́rì gbéra. Nígbà tí a gun òkè àkọ́kọ́, ẹnu ìbọn tó kọjú sọ́run bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba. Àwọn obìnrin wí pé Baálẹ̀ ló ń kí. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ogun náà kúnlẹ̀. Kí a tó dé ojúde Baálẹ̀, ó ti na gbalaja, orí rẹ̀ ti rì sínú ikùn, ó sì ń rùn bí abọ́ rọ́bà tó já sínú ààrò.

Ìyá Mùsílímátù sún mọ́ ọn, ó fi igi kan án, igi fà á yọ bí ọbẹ̀ ilá.

“Táńkì tí mo mọ̀, omi ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀,” ló wí. “Èyí fúnra rẹ̀ ló di omi. Ẹyin mi dà?”

Ojúde bú sẹ́rìn-ín. Bàṣírù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá táyà, ó ń fi fìlà nu ojú.

“Oòrùn ibí yìí mú ju ti Bọ́mà lọ,” ni Jacob ń wí.

Baálẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. “Jacob, wo ojú mi. Kí lo ṣe lójú ogun?”

Jacob wo ìyàwó rẹ̀. Ọmọ́wùnmí ń wo ilẹ̀.

“Mo ń dáná fún àwọn sójà ni, Baba.”

“Ní Bọ́mà?”

“Ní Abẹ́òkúta.”

Ẹ̀rín tún sọ. Baálẹ̀ dúró kí ó rọlẹ̀, ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

“A ti pa màlúù oyè, àlejò sì ti pé. A kò lè ní kí wọ́n máa lọ. Lọ bá àwọn obìnrin nídìí ìkòkò.”

Jacob bọ́ kaki, ó gba ìró ìyàwó rẹ̀ ró mọ́ ìdí. Òun ló se ìrẹsì ọjọ́ náà, òun ló sì bù ú. Kí n sọ òtítọ́, ọbẹ̀ rẹ̀ dùn dé eegun. Ẹni tó bá ti gbé àwo débẹ̀ á kọ́kọ́ to ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, á gbé ọwọ́ sí iwájú orí bíi sójà.

“Ọ̀gágun, ẹ bu ọbẹ̀ sí i.”

Jacob kò gbójú sókè. Ó ń bù ú.