Bí Bàbá Ayẹni Ṣe Di Mohọ́ọ̀kì

Ní Challenge nílùú Ìbàdàn, nínú yàrá kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ kí ariwo kẹ̀kẹ́ Márúwá má baà wọlé, Bàbá Ayẹni, àgbà òṣèré tó ń gbé Àpáta, jókòó síwájú máìkì. Wọ́n pè é wá fi ohùn Yorùbá bo ti òyìnbó nínú àwọn fíìmù kábọ́ọ̀ì àtijọ́ ni. Rẹ̀mí, tó kàwé gboyè nípa eré orí ìtàgé, ló ń darí iṣẹ́ náà. Láti àárọ̀ ni bàbá ti ń tún ọ̀fun ṣe, torí ó dá a lójú pé ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń gun ẹṣin funfun lòun máa ṣe.

"Dádì, kì í ṣe ẹni tó wà lórí ẹṣin o," Rẹ̀mí ní. "Ẹni tó di ìjánu ẹṣin mú ni."

Bàbá Ayẹni wo ojú tẹlifíṣọ̀n. "Ta nìyẹn?"

"Mohọ́ọ̀kì ni."

Bàbá fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó pá. "Irun tí àwọn ọmọ Agbowó ń gẹ̀? Ó ti pẹ́ jù fún èmi."

"Irun kọ́, sà. Ẹ̀yà ni. Àwọn wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé Amẹ́ríkà. Ọmọ ẹ̀yà náà gan-an ni òṣèré yìí."

"Onílẹ̀ ló wá ń di ẹṣin àlejò mú?"

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, sà."

"Wọ́n mà mọ̀ ọ́n kọ."

"Ẹ má fojú kéré ẹ, sà. Gbajúmọ̀ ni láyé ìgbà yẹn. Nínú fíìmù àkọ́kọ́, wọ́n yìnbọn pa á kí orúkọ àwọn òṣèré tó kọjá tán."

"Iṣẹ́ yá. Èkejì ńkọ́?"

"Ó já bọ́ látorí òkè."

"Ẹ̀kẹta?"

"Ẹ̀kẹta ni ìràwọ̀ ẹ̀ tàn. Wọ́n jẹ́ kó wà láàyè, ó wá ń tẹ̀ lé ọ̀gá kiri."

"Ìgbéga ńlá. Bá mi kí i kú oríire."

Bàbá sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó mọ irú ojú tí ọkùnrin náà ń ṣe yẹn. Ojú ẹni tó ti há gbólóhùn kan ṣoṣo sórí láti àárọ̀, tó ń dúró kí àwọn tó ń jẹun nínú fíìmù jẹun tán kó tó sọ ọ́. Látìgbà tí òun náà ti ń ṣeré, mẹ́gáàdì ni wọ́n ń fi í ṣe. Ó ti ṣí géètì fún ọba, ó ti ṣí i fún olè, ó ti ṣí i fún àwọn ọmọdé tó ti di pọ̀rọ̀dúsà báyìí. "Ẹ káàbọ̀, sà" ni gbogbo ohun tí ayé ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó dáa. Kí ni mo máa sọ?"

"'Ọ̀gá, èmi rí ẹsẹ̀ ẹṣin.'"

"'Ọ̀gá, mo ti rí ibi tí ẹsẹ̀ ẹṣin gbà.'"

"Rárá, sà. Yorùbá yín já gaara jù. Àwọn tó gbé iṣẹ́ wá ní kó máa ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ èdè. Bó ṣe wà lóyìnbó nìyẹn."

"Òun fúnra ẹ̀ ò gbọ́ òyìnbó ni?"

"Ó gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n ní kó máa bà á jẹ́ ni."

"Irú àìgbọ́ wo lo wá fẹ́? Ti ará Kùtọnu, ti òyìnbó tó wá wàásù, àbí ti ọmọ Bódìjà tí wọ́n ń sanwó iléèwé ńlá kó má baà gbọ́ Yorùbá?"

Rẹ̀mí rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. "Ti ọmọ Bódìjà, sà."

Bàbá tún ọ̀fun ṣe, ó sì da ahọ́n rú. "Ọ̀gá, èmi rí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀sìn."

Rẹ̀mí dá ẹ̀rọ dúró. "Dádì, ẹ má jẹ́ kí lèmọ́mù àti pásítọ̀ pera wọn jọ nítorí wa."

"Ọmọ Bódìjà ló sọ ọ́. Èmi ò sí níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Ọ̀gá ọlọ́pàá wà nílé tíṣà obìnrin kan, ẹ̀yin sáré wọlé, ẹ sọ pé ọkọ̀ táwọn olè wà nínú ẹ̀ ti ń bọ̀. 'Ọ̀gá, ọkọ̀ ń bọ̀.'"

"Ọ̀gá, ọkọ ń bọ̀."

Lójú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀gá ọlọ́pàá fò dìde, ó gbé fìlà, ó gba ojú fèrèsé jáde. Tíṣà ń tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe. Rẹ̀mí fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ bojú, ẹ̀rín ń gbọn èjìká rẹ̀.

"Ó kúkú bá àwòrán mu," bàbá ní.

Rẹ̀mí nu ojú. "Dádì, bí ẹ ò bá ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́, màá pe ẹlòmíì. Èmi náà fẹ́ kí àwọn èèyàn yìí tún gbéṣẹ́ fún mi."

"Pè é. Kó wá bá wọn bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì." Bàbá yọ hẹ́dìfóònù létí, ó dìde. Kò síṣẹ́ kankan tó ń dúró dè é ní Àpáta, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Rẹ̀mí wo tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin náà ṣì di ìjánu mú, àwọn yòókù ti ń jẹun. Rẹ̀mí bá pe bàbá.

"Ẹ padà, sà. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe yẹ."

"Àwọn tó gbéṣẹ́ wá ńkọ́?"

"Wọn ò gbọ́ Yorùbá. A ó sọ fún wọn pé ó bàjẹ́ dáadáa."

Bàbá jókòó, ó sọ ọ́ bí ọmọ tí wọ́n bí ire. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ padà, ńṣe ló dà bí ẹni pé ọkùnrin náà ga sí i.

"Wàhálà dé," Rẹ̀mí ní. "Ọ̀gá ọlọ́pàá ti wá dà bí ọmọọṣẹ́ ẹ̀. Kí ló kù tó fi jù ú lọ?"

"Ẹṣin."

"Ó ku ẹyọ kan, sà. Fíìmù tó kẹ́yìn nìyí, ó ti darúgbó. Ó kọjú sí ọ̀gá, ó sọ èdè ìbílẹ̀ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ohun tó sọ sílẹ̀. Ẹ ṣáà máa kùn."

Bàbá Ayẹni ò kùn. Ó tẹjú mọ́ ètè ọkùnrin náà, ó sì rọra sọ gbólóhùn gígùn kan ní èdè Èkìtì, Èkìtì abúlé rẹ̀ gan-an, tó kún fún "ulé" àti "usu". Ó bá ètè ọkùnrin náà mu wẹ́kú.

Rẹ̀mí, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé, la ẹnu sílẹ̀. "Mohọ́ọ̀kì gidi lẹ sọ yẹn, sà. Kí ló túmọ̀ sí?"

"Mo ní: ìwọ tó o jókòó sórí ẹṣin yìí, ilé bàbá mi lo wà, iṣu bàbá mi lò ń jẹ, o tún ń sọ pé n ò gbọ́ èdè."

Rẹ̀mí pa ẹ̀rọ. "Dádì, àwọn ará Èkìtì kún Ìbàdàn. Bí wọ́n bá gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ ńkọ́?"

Bàbá gbé fìlà rẹ̀, ó ń lọ. "Ẹni tó bá gbọ́ ọ, ará ilé ni. Ará ilé kì í lọ sọ fún ọlọ́pàá."