Ajíbádé Jókòó Nígbà Tí Bọ́ọ̀lù Ń Lọ

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Onísàgbà lánàá, ìjókòó ló fà á. Kì í ṣe ìjókòó lórí oyè, kì í sì í ṣe ìjókòó lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ọkùnrin kan ló jókòó nínú pápá bọ́ọ̀lù nígbà tí àwọn yòókù ń sáré. Bàbá mi ni Olóyè Ẹjẹ̀mù, ẹ̀yìn wọn ni mo dúró sí, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ kan tó fò mí.

Olùpẹ̀jọ́ ni Olúsọjí, ẹni tó ni ilé ìlagi tó wà lọ́nà Ìkọ̀lé. Òun ló dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa, Ìsàgbà, sílẹ̀. Òun ló ń ra bàtà fún wọn, òun ló ń ra bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù fún un ní iṣẹ́ nídìí ayùn rẹ̀. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá tán lẹ́sẹ̀ ẹni náà, iṣẹ́ tán nìyẹn.

Olùjẹ́jọ́ ni Ajíbádé, tó ń gbá iwájú lápá òsì. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Kábíyèsí ní, "Olúsọjí, kí ni Ajíbádé fi ṣe ọ́?"

"Kábíyèsí, ó dójú tì mí. Ní Sátidé tó kọjá, àwa àti àwọn ará Ìdó gbá bọ́ọ̀lù láti du ife. Mo pe àna mi láti Ìbàdàn. Mo pe àlùfáà. Mo ní kí wọ́n pa àtíbàbà fún wa lẹ́bàá àwọ̀n tí àwọn ará Ìdó ń ṣọ́, kí a lè rí i dáadáa nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń wọlé wọn. Àṣà wa ni pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ mi á wá síwájú mi, wọ́n á dọ̀bálẹ̀. Gbogbo wọn ló dọ̀bálẹ̀. Ajíbádé jókòó."

"Ó jókòó sórí kí ni?"

"Sórí ilẹ̀, Kábíyèsí. Ó ká ìka rẹ̀ méjì mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ náà sókè, ó ń wò mí. Àna mi bi mí pé, 'Ṣé ara ọmọ yẹn ò yá ni?'"

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Fèrè dún, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, kò dìde. Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, mo lé e kúrò níbi iṣẹ́. Ohun tí mo wá tọrọ ni pé kí ààfin pàṣẹ kí ẹgbẹ́ kankan má ṣe gbà á mọ́, láti ibí dé Ọyẹ́, láti Ọyẹ́ dé Ìlúpéjú."

Bàbá mi ní, "O ti lé e, o tún fẹ́ kí a bá ọ lé e?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Olóyè. Ẹni tí a lé lẹ́ẹ̀kan lè padà wá."

Kábíyèsí ní, "Ṣé ó bú ọ?"

"Kò la ẹnu."

"Ṣé ó sọ òkò?"

"Kò sọ òkò."

"Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀?"

"Kábíyèsí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo gbà síṣẹ́, n kò gba ìdí rẹ̀. Bí ó bá ní ohun tó fẹ́ fi ìdí rẹ̀ sọ, kó lọ sọ ọ́ nílé bàbá rẹ̀. Àbí nítorí pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni olúkúlùkù ṣe ń jókòó níbi tó bá wù ú?"

Àwọn ìjòyè kan mi orí. Kábíyèsí yíjú sí Ajíbádé.

"Ṣé òótọ́ ni o jókòó?"

"Òótọ́ ni, Kábíyèsí."

"Kí ló dé?"

"Kábíyèsí, bí mo bá dọ̀bálẹ̀, irọ́ ni mo pa, torí inú mi kò dọ̀bálẹ̀. Bí mo bá sì dúró gbagidi, àfojúdi ni sí àgbà. Mo wá wo ohun tó wà láàárín ìdúró àti ìdọ̀bálẹ̀. Ìjókòó nìkan ni mo rí."

Bàbá mi ní, "Ìkúnlẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá, obìnrin ló ń kúnlẹ̀ kí ènìyàn. Mo wọ ṣòkòtò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olúsọjí kò rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa," ni Kábíyèsí wí. "Nígbà tí fèrè dún, kí ló dé tí o kò dìde lọ gbá bọ́ọ̀lù?"

"Kábíyèsí, mo jókòó kí Ọ̀gá lè bi mí pé kí ló dé. Wọn kò tíì bi mí. Bí mo bá dìde nígbà náà, ọ̀rọ̀ tí mo jókòó lé á fọ́n ká."

"Bí ó bá bi ọ́, kí lo máa sọ?"

"Màá ní kí wọ́n wo ọwọ́ Afọlábí."

Afọlábí ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ náà, ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n wọn. Ó wà níbi ògiri, ó fi aṣọ funfun di ọwọ́ ọ̀tún. Kábíyèsí ní kó súnmọ́ iwájú, kó tú aṣọ náà. Ó tú u. Ìka méjì kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ta ló gé e?"

"Ayùn ni, Kábíyèsí. Irin tó ń bo ẹnu rẹ̀ ti já tipẹ́. Mo sọ fún Ọ̀gá. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, pé bí a bá ti gba ife tán, àwọn á ṣe é. Èmi ní sùúrù. Ayùn ni kò ní."

"Lẹ́yìn tó gé ọ ńkọ́?"

"Ọ̀gá gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà nínú lọ́rì wọn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí a ń bọ̀, wọ́n já mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, wọ́n ní kí n má wulẹ̀ wá síbi iṣẹ́ mọ́."

Olúsọjí dìde. "Kábíyèsí, mi ò ṣe ìkà. Aṣọ́lé tí kò ní ìka, agbọ̀n tó ti jò nídìí ni. Iṣẹ́ wo ni kí n fún un?"

"Ọ̀gá, mẹ́jọ ṣì kù," ni Afọlábí wí.

Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín, Afọlábí pàápàá rẹ́rìn-ín. Ajíbádé nìkan ni n kò rí eyín rẹ̀.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Tíṣà Ọláyíwọlá ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú, òun ló fọn fèrè lọ́jọ́ náà.

"Tíṣà, báwo ló ṣe jókòó?"

"Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, Kábíyèsí, bí ìyá tó fẹ́ wẹ ọmọ."

"Ṣé òfin bọ́ọ̀lù fàyè gbà á?"

"Mo ti ka ìwé òfin náà látòkè délẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ta ènìyàn nípàá. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó jókòó. Ó jọ pé àwọn òyìnbó tó kọ ọ́ kò rò ó kan ibẹ̀."

Ìyá Ìbílọlá, tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kò dúró kí wọ́n pe òun.

"Irọ́ ni Tíṣà ń pa, Kábíyèsí. Ọmọ náà kò na ẹsẹ̀. Ó ká a kò bí ẹni tó ń jẹ uṣu sísun. Mo rò pé uṣẹ́ ló ti tán an lókun. Ọpẹ́lọpẹ́ oníbàárà tó dá mi dúró, mi ì bá ti gbé ẹ̀pà lọ bá a."

"Ìyá, mo dúró tì í," ni Tíṣà wí.

"O dúró tì í, àmọ́ bọ́ọ̀lù lo ń wò."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ gbọọrọ."

"Ẹsẹ̀ tìrẹ ni."

Bàbá mi kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù, wọn kò sì dé pápá rí. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ta ló borí lọ́jọ́ náà?"

Tíṣà wúkọ́.

"Àwa ni, Olóyè. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wọlé."

"Ta ló gbá a wọlé?"

Tíṣà wo Olúsọjí, ó wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ló na ìka sí Ajíbádé.

Kábíyèsí tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ẹni tó jókòó?"

"Òun náà ni, Kábíyèsí. Eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọmọ Ìdó kan fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù jìnnà sílé wọn. Ó gbá a tagbáratagbára. Bọ́ọ̀lù ba Ajíbádé lórí, ó ta padà, ó gba òkè orí gbogbo wọn lọ sínú àwọ̀n. Aṣọ́lé wọn kò sí nílé. Ó ti jáde wá wo ẹni tó jókòó."

"Ajíbádé, ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ kàn án ni?"

"Kábíyèsí, orí mi wà níbi tí mo gbé e sí. Bọ́ọ̀lù ló wá a wá."

"Olúsọjí, nígbà tí bọ́ọ̀lù náà wọlé, kí lo ṣe?"

"Mo pàtẹ́wọ́ díẹ̀, Kábíyèsí."

Ìyá Ìbílọlá ní, "Díẹ̀ wo? Ó ju fìlà sókè, inú àtẹ ẹ̀pà mi ni fìlà bọ́ sí. Ó sáré wọ pápá, ó lọ bá Ajíbádé nílẹ̀ níbẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ó ń pè é ní ọmọ mi, ọmọ mi. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀."

Kábíyèsí ní, "O bá a nílẹ̀? Ṣé kì í ṣe pé ìwọ náà jókòó?"

"Mo kúnlẹ̀ ni, Kábíyèsí."

Bàbá mi ní, "Ṣé o kò wọ ṣòkòtò ni?"

Ẹ̀rín yẹn pẹ́ kó tó tán. Nígbà tó tán, Kábíyèsí ní kí wọ́n bu omi wá fún òun. Ó mu ún, ó gbé ife omi sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdájọ́.

"Olúsọjí, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìjókòó Ajíbádé, àbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ ni, Kábíyèsí."

"Ó dáa. Ife tí ẹ gbà, níbo ló wà?"

"Ó wà ní pálọ̀ mi."

"Láti inú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ni ife náà ti wá. A kì í lé olè kúrò nílùú, kí a wá so ewúrẹ́ tó jí mọ́ ẹ̀yìnkùlé ẹni. Lọ gbé ife náà rù. Fi ẹsẹ̀ rìn dé Ìdó, kí o dá a padà fún wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́ lọ́nà, dúró, kí o rò fún un."

Olúsọjí dúró, ó ń nu òógùn ojú. Mo mọ̀ pé ọ̀nà yẹn ló ń rìn nínú ọkàn rẹ̀, láti abúlé dé abúlé, pẹ̀lú ife lórí.

"Kábíyèsí, bóyá kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

"Bóyá?"

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Kábíyèsí."

"Bí kì í bá ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kí lo torí rẹ̀ lé e?"

Olúsọjí padà jókòó.

Kábíyèsí ní, "Ajíbádé padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la. Afọlábí náà padà. Ìka mẹ́jọ tó láti ka pákó, òun ni yóò máa ka pákó tó ń jáde. Òmìnira tí o sì dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ti gbogbo ara ni. Wọn kò gbé e fún ẹsẹ̀ nìkan."

Ajíbádé dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti dúpẹ́. Kábíyèsí ní kó má tíì dìde.

"Ìwọ náà yóò jẹ ìyà tìrẹ lọ́wọ́ mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń sáré nínú oòrùn, ìwọ gúnwà bí ìyàwó tuntun. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹgbẹ́ yóò gbá bọ́ọ̀lù láàárín ara wọn. Olúsọjí yóò jókòó gan-an níbi tí o jókòó sí. Ìwọ yóò dúró tì í, wàá ṣí agbòjò lé e lórí. Ìwọ kò gbọdọ̀ jókòó, òun kò gbọdọ̀ dìde, títí yóò fi bi ọ́ ní ìbéèrè tí ò ń retí. Bí ilẹ̀ bá ṣú kó tó bi ọ́, ẹ padà wá síbẹ̀ lọ́la."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlú ti kún pápá. Olúsọjí wọ agbádá funfun, ó jókòó sílẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí Ajíbádé. Ajíbádé gbé agbòjò lé e lórí, ó dúró ṣánṣán. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń sáré yí wọn ká. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ agbòjò kọjá, àwọn ènìyàn hó. Olúsọjí tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù.

Mo dúró sítòsí. Ẹni tó bá jókòó nílẹ̀, ọwọ́ àwọn tó dúró ni ojú rẹ̀ máa ń bá pàdé. Bí àwọn ọmọ náà ṣe ń kọjá níwájú Olúsọjí, mo ṣàkíyèsí pé kò wo bọ́ọ̀lù mọ́. Ọwọ́ wọn ló ń tẹ̀ lé. Ọ̀kan ní àpá láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ọ̀kan kò ní èékánná lórí àtàǹpàkò. Ìka ẹni tó ń gbá àárín ti wọ́, kò ṣeé nà mọ́. Olúsọjí yíjú tẹ̀ lé èyí, ó yíjú tẹ̀ lé tọ̀hún. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ajíbádé."

"Ọ̀gá."

"Kí ló dé tí o jókòó lọ́jọ́ yẹn?"

"Irin tó ń bo ẹnu ayùn ló já, Ọ̀gá. Ìka Afọlábí ti lọ. N kò mọ ti ẹni tó kàn."

Olúsọjí na ọwọ́ sókè.

"Fà mí dìde," ló wí.

Ajíbádé pa agbòjò dé, ó fún un lọ́wọ́, ó sì fà á dìde.

Ní òwúrọ̀ òní, n kò gbọ́ ìró ayùn láti ilé ìlagi. Ẹ̀rù bà mí pé ìjà ti tún bẹ̀rẹ̀, mo sì lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni mo bá nídìí ayùn, ó ń wọn irin tuntun mọ́ ẹnu rẹ̀. Olúsọjí ti ká apá aṣọ sókè, òun fúnra rẹ̀ ló gbé irin náà dání. Alágbẹ̀dẹ ní ó ti tó báyìí. Olúsọjí wo Afọlábí. Afọlábí tẹ̀ ba, ó wò ó látìsàlẹ̀, ó ní ó kù díẹ̀.

Olúsọjí tún gbé irin náà sókè.