Bí Èèrà Ṣe Di Dókítà Bàbá Látùndé

Ẹ ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu àwọn àgbà Òkè Àgbọn, àbí? Wọ́n ní: "A kì í bi ọ̀rá léèrè; èèrà là á bi." Ṣé ẹ mọ ibi tó ti wá? Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Kò gùn.

Bàbá Látùndé ló fà á. Káfíńtà ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá a jà. Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wá láti Ìbàdàn, ó ní, "Bàbá, mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ṣúgà yín kò bá wálẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ máa rí dókítà, ọ̀dọ̀ mi lẹ ó máa gbé."

Bàbá yíjú sí ojú fèrèsé. Abẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ìyàwó rẹ̀ sí. Àràárọ̀ ló ń lọ kí i. Ta ni yóò máa kí i bí òun bá lọ sí Ìbàdàn?

Ló bá gba ṣọ́ọ̀bù ńlá tuntun lọ, ó ní òun ń wá oúnjẹ tó ń ṣe ara lóore. Wọ́n kó páálí ìpápánu kan fún un. Ẹyọ kan gùn bí ìka àárín, ó fẹ̀ bí ìka méjì, ọ̀rá dídán ni wọ́n fi wé e. Wọ́n ya ọkùnrin kan síwájú ọ̀rá náà, apá rẹ̀ tóbi ju itan Bàbá lọ. Wọ́n kọ agbára sí i, wọ́n kọ purotéènì sí i, wọ́n tún ya ewé tútù méjì sí i.

Bàbá fi ìka wọ̀n ọ́n. "Pákó tó dáa nìyí," ló wí. Bó ṣe di pákó agbára nìyẹn.

Ó ń lò ó bí oògùn: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lálẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó ní oògùn kì í wọ inú òfìfo. Ó bá ń rẹ gààrí, ó ń fi pákó agbára mu ún dípò kúlíkúlí.

"Mi ò fi ṣúgà sí gààrí mi o!" Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń sọ ọ́ fún.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Lámídì ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a nídìí abọ́.

"Látùndé, kí lò ń rún bí ewúrẹ́ yìí?"

"Oògùn ni."

Lámídì tọ́ díẹ̀ wò. "Oògùn tó dùn báyìí? Oògùn tí kò bá korò, ẹ̀rù ẹ̀ máa ń bà mí."

"O ò rí apá ọkùnrin yẹn ni?"

"Mo rí i. Tìrẹ ńkọ́? Ó ṣì dà bí igi ìṣáná."

Lámídì lọ tọ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà la gbọ́ igbe rẹ̀. Èèrà ti ṣù bo ibi tí Látùndé máa ń tọ̀ sí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà ń wí: ìtọ̀ tí èèrà bá ń ṣù sí, ṣúgà ló wà nínú ẹ̀.

"Látùndé! Àwọn àlejò rẹ dé!"

"Òjò ló fẹ́ rọ̀."

"Nínú ọyẹ́ yìí?"

Ọkàn Bàbá kò balẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ mọ òótọ́. Ó gbé kúlíkúlí kan, kóró ṣúgà kan àti ègé pákó agbára kan sórí òkúta lábẹ́ igi ọsàn. Òun àti Lámídì jókòó tì í. Àwọn ará àdúgbò ń yà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jókòó. 

Èèrà àkọ́kọ́ dé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kúlíkúlí kọjá, kò kí i. Ó dé ìdí ṣúgà, ó dúró, ó fi ìwo kàn án. Ló bá yí padà, ó gba ìdí pákó agbára lọ. Kò pẹ́, ó lọ pe ará ilé rẹ̀ wá. A kò rí pákó mọ́, èèrà nìkan là ń rí.

"Bóyá agbára làwọn náà ń wá," Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Bóyá," Lámídì dáhùn. "Wò ó, apá wọn ti ń yọ."

Nọ́ọ̀sì Oyèníhùn ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Wọ́n na ọ̀rá sí i. Kò tilẹ̀ wo ọkùnrin alápá ńlá. Ẹ̀yìn ọ̀rá ló yí padà sí, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ojú èèrà.

"Ṣúgà," ló kà. "Oyin. Omi ṣúgà àgbàdo. Omi ìrèké."

"Ṣé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàtọ̀ síra ni?"

"Bàbá, ṣúgà kan náà ni. Oríkì ẹ̀ ló pọ̀."

"Purotéènì ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ẹyin adìyẹ kan ṣoṣo ní in tó bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo irú ẹ̀ ló burú nìyẹn?"

"Rárá o. Òmíràn wà tó jẹ́ ẹ̀pà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Èyí gan-an lè wúlò fún ẹni tó ń sáré láti àárọ̀ dọ̀sán. Ibo lẹ̀yin ń sáré lọ?"

Bàbá ronú. "Ìdí igi ọsàn."

Lámídì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù. Bàbá pa pákó tì, ó pa gààrí tì. Ó ń jẹ ẹ̀fọ́, ó ń jẹ ẹyin sísè, ó ń rìn dé odò lójoojúmọ́. Ìbídùn dé, ó gbé àpótí òfìfo dání láti fi kó aṣọ Bàbá. Wọ́n lọ rí dókítà. Ṣúgà ti wálẹ̀. Ìbídùn ka ìwé àyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó dáa, Bàbá mi, ẹ máa gbé ilé yín. Mo ra bisikíìtì yìí fún yín. Wọ́n kọ ọ́ síwájú ẹ̀ pé kò lè pa onítọ̀ ṣúgà lára."

Bàbá gbà á, ó dúpẹ́. Ó bu ègé kan, ó gbé e sórí òkúta lábẹ́ igi ọsàn, ó fa àga méjì.

"Jókòó."

"Ta là ń retí, Bàbá?"

"Àwọn dókítà mi. Ìyá rẹ náà ń wò wọ́n."

Dókítà kan yọ lábẹ́ ewé. Ó fi ìwo kan bisikíìtì lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì sáré lọ pe ará ilé rẹ̀.

 Ìbídùn ṣí àpótí tó fẹ́ fi kó aṣọ Bàbá. Bisikíìtì nìkan ló kó sínú rẹ̀ láti gbé padà sí Ìbàdàn.

"Ó ti yé ọ báyìí," ni Bàbá wí. "A kì í bi ọ̀rá léèrè, èèrà là á bi."