Ààwẹ̀ Tí Mo Gbà Nítorí Kéèkì

Bí mo bá dàgbà títí tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ náà ni mo gbààwẹ̀ tí Ọlọ́run ò mọ̀ sí, tí ẹnikẹ́ni ò rán mi, tí mo sì fi da ara mi láàmú láti aago márùn-ún títí di Mọ̀gàrí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú ikùn tí Ọlọ́run fún mi. Ikùn mi ò gba àlìkámà. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀ o, èmi tí mo máa ń jẹ odidi búrẹ́dì kan tán lórí ìdúró nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì! Ọdún mẹ́fà gbáko ni inú fi ń run mí, tí mò ń rù, tí wọ́n ń tọ́jú táífọ́ọ̀dù lára mi lónìí, tí wọ́n ń tọ́jú ọgbẹ́ inú lọ́la. Àgbo tí mo mu, bí wọ́n bá dà á sínú odò Ògùn, ẹja á sá lọ. Dókítà obìnrin kan ló wá yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò dáadáa, tó ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní síléàkì ló ń ṣe mí, pé nǹkan kan tó ń jẹ́ gúlútẹ̀nì wà nínú àlìkámà àti ọkà báálì, òun ló ń bá ìfun mi jà. Ó ní kò lóògùn, àfi kí n má jẹ wọ́n mọ́ títí ayé. Báyìí ni búrẹ́dì lọ, mítípáì lọ, ṣinṣín lọ, sẹ̀mó lọ. Mọ́ọ̀tì pàápàá lọ, nítorí ọkà báálì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, tí làfún wà nílẹ̀! Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti kún padà, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ gbin ẹ̀gẹ́ nílẹ̀ wa, ẹni yòówù kó jẹ́.

Mùkáílà, ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́, mọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá rẹ̀, Alhája, ni kò mọ̀. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì sọ fún wọn. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe ń rí: kí wọ́n tó fa ọmọ fún ọmọ, àwọn àgbà á kọ́kọ́ wádìí bóyá wárápá wà nínú ìdílé, bóyá wèrè wà níbẹ̀, bóyá àìsàn kan wà tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn. Mo ń rò ó pé bí Alhája bá gbọ́ pé àìsàn tí kò lóògùn wà lára mi, ojú ẹsẹ̀ ni wọn ó ní kí ọmọ wọn lọ wá ẹlòmíì. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ràn mi ná.

Mùkáílà ṣètò pé kí èmi àti ìyá òun pàdé ní ṣọ́ọ̀bù kọfí tuntun kan lágbègbè Aké, tí kò jìnnà sí ìsọ̀ tí Alhája ti ń ta ìrẹsì. Ó ní láti ibi iṣẹ́ òun ní Òṣíẹ̀lẹ̀ lòun ó ti wá bá wa ní aago márùn-ún. Èmi dé ibẹ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Amí ni mo wá ṣe.

Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀, Bísọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọ̀yàyà rẹ̀ pọ̀. Mo fa ara mọ́ gíláàsì tí wọ́n to kéèkì sí, mo rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àbúrò mi, èwo ni kò ní gúlútẹ̀nì nínú gbogbo èyí?"

Ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àńtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwa kì í fi gúlútẹ̀nì sí nǹkan wa rárá. Fúláwà, bọ́tà, ẹyin àti ṣúgà nìkan ni."

Inú fúláwà yẹn gan-an ni ó wà! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọjú sí nǹkan mímu. Ó ní ṣokoléètì gbígbóná wà. Mo ní kó fi agolo rẹ̀ hàn mí, mo sì ń ka ẹ̀yìn agolo bí aṣọ́bodè tó ń yẹ ẹrù wò. Ọkà báálì wà níbẹ̀. Mo dá a padà. Níkẹyìn, ó po kọfí fún mi, ó lu mílíìkì tó fi ń hó, ó dà á lé e lórí. Áà, ẹ̀yin èèyàn mi, kọfí yẹn dùn! Mo sáré gbé e mu nítorí aago ti ń lọ. Bí Bísọ́lá ṣe ń gbé ife kúrò níwájú mi ni Alhája wọlé.

Obìnrin gíga ni wọ́n, ìborùn wọn funfun nini, ìrìn wọn dà bíi ti ẹni tó ni ilé. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà."

Wọ́n tẹjú mọ́ mi bí ìgbà tí wọ́n bá ń wá òkúta nínú ìrẹsì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Dìde, jókòó." Ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé ẹwà mi ni wọ́n ń wò.

Kí n tó tún ìborùn mi ṣe tán, wọ́n ti pe Bísọ́lá. "Gbé mítípáì méjì wá, àti mọ́ọ̀tì tútù méjì. Ìyàwó mi ò ní fi ẹnu gbígbẹ jókòó tì mí."

Bí mo bá fi ẹnu kan mítípáì yẹn, ọjọ́ mẹ́ta ni màá fi wà láàárín ibùsùn àti ilé ìgbẹ́. Bí mo bá sì kọ̀ ọ́, ẹni tó bá kọ oúnjẹ ìyá ọkọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun tó ń sọ ni pé òun ò fọkàn tán ọwọ́ tó gbé e wá. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo gbọ́ ohùn ara mi:

"Ẹ má bínú, Mà. Mo ń gbààwẹ̀ ni."

"Ààwẹ̀ kẹ̀? Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Èyí tí mo jẹ nínú Ràmàdáánì ni mò ń san padà, Mà."

"Máṣáàlà!" Alhája pàtẹ́wọ́. Wọ́n yọ fóònù, wọ́n pe ọ̀rẹ́ wọn kan níṣojú mi. "Ìyàwó tí Mùkáílà ń mú bọ̀ ń gbààwẹ̀ o! Àní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun! Ọmọ tó mọ Ọlọ́run ni o!" Mo tẹrí ba bí ẹni mímọ́. Ìgbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ. "Mi ò kúrò níbí títí wàá fi ṣínu. Ẹni tó bá fún aláàwẹ̀ ní ìṣínu, láádá tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. Tèmi ni láádá tòní."

Mo yọjú wo aago ara ògiri. Ó lé díẹ̀ ní márùn-ún. Èmi tí mo rò pé a ò ní lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ!

Iná lọ, fáànù dúró. Ooru ilé náà kò ṣeé fẹnu sọ. Alhája ń rọra mu mọ́ọ̀tì wọn, wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á ní, "Háà, ó mà tutù o." Mùkáílà pè, ó ní mọ́tò tí òun wọ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà, kí n máa tọ́jú ìyá òun. Láti àárọ̀ ni ìbẹ̀rù ò ti jẹ́ kí n jẹun, ikùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo rántí pé ìpékeré kan wà nínú báàgì mi, èyí tí mo máa ń gbé káàkiri nítorí irú ọjọ́ báyìí. Mo ní mo fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá fún Àláásárì.

Mo ti ara mi mọ́ ilé ìgbẹ́, mo já ọ̀rá ìpékeré. Mo mọ̀ pé èèyàn gidi kì í jẹun níbẹ̀, ẹ má bá mi wí, ebi ò jẹ́ kí n mọ ibi tí mo wà. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ dé ìdajì nígbà tí mo gbọ́ omi tó ń ṣàn nínú básíà ìta. Alhája náà ti wá ṣe àlùwàlá.

"Ọmọ mi, kí ló ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nínú ibẹ̀ yẹn?"

"Eyín mi ni, Mà!" Ẹnu mi kún. "Ó máa ń dún bẹ́ẹ̀ tí mo bá ń gbààwẹ̀."

"Pẹ̀lẹ́ o. Ààwẹ̀ yìí mà fẹ́ pa ọ́."

Mo nu ẹnu, mo jáde, a jọ kírun lórí ẹní kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Bí mo ṣe ń forí kanlẹ̀, ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó forí ìpékeré jì mí.

Nígbà tó yá, wọ́n pe ìrun Mọ̀gàrí láti mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé. Alhája ní kí Bísọ́lá gé kéèkì tó tóbi jù wá. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bù ú, wọ́n ní "Bísímíláì," wọ́n nà án sí mi lẹ́nu. Kéèkì náà wà níwájú ètè mi, mo ń gbóòórùn bọ́tà rẹ̀. Mo rí ojú Mùkáílà lọ́kàn mi. Mo tilẹ̀ la ẹnu díẹ̀. Àmọ́ omi ló bọ́ lójú mi dípò kí kéèkì wọlé.

"Ẹ dákun, Mà, mi ò lè jẹ ẹ́. Irọ́ ni mo pa. Mi ò gbààwẹ̀."

Wọ́n rọra gbé kéèkì kalẹ̀.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Nígbà tí o kúnlẹ̀ kí mi, ìfófó mílíìkì wà lókè ètè rẹ bí irunmú bàbá arúgbó."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tíì gbéra nílẹ̀ tí òótọ́ ti ń dúró dè é. Wọ́n ṣí pọ́ọ̀sì wọn, wọ́n yọ ìpékeré kan síta, wọ́n gbé e sórí tábìlì. "Èyí sì já bọ́ nínú ìborùn rẹ nígbà tí o forí kanlẹ̀."

Mo wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu, mi ò rí i. Àmọ́ ohùn Alhája ti yí padà. "Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìdí rẹ̀. Mo jókòó síbí láti aago márùn-ún, mò ń dúró kí o sọ òótọ́ fún mi. Mò ń bi ara mi pé, kí ni wọ́n sọ fún ọmọ yìí nípa mi? Ṣé ó rò pé màá fi nǹkan sí oúnjẹ fún un ni? Mo tọ́ ọmọ márùn-ún, kò sẹ́ni tó kọ oúnjẹ ọwọ́ mi rí." Omi ti lé ròrò sí wọn lójú.

Èyí dùn mí ju ebi lọ. Èmi tí mò ń sá kí wọ́n má kọ̀ mí, àṣé èmi ni mo ti jókòó tí mò ń kọ̀ wọ́n láti aago márùn-ún. Mo kúnlẹ̀, mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: ọdún mẹ́fà, àgbo, dókítà, ẹ̀rù tó ń bà mí.

"Àlìkámà?" ni wọ́n bi mí.

"Àlìkámà, Mà. Àti ọkà báálì."

"Àlìkámà nìkan?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi yọ̀ lórí wọn, tí Bísọ́lá náà fi ń rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Ọmọ yìí, o fẹ́ pa mí! Àìsàn tó jẹ́ pé oúnjẹ ni oògùn rẹ̀, ìyá tó ń ta oúnjẹ lo wá ń fi í pa mọ́ fún? Kí ni mò ń tà?"

"Ìrẹsì, Mà."

"Ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ṣé àlìkámà wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí, Mà."

"Ó tán. Dìde nílẹ̀, jẹ ìpékeré rẹ."

Bí Mùkáílà ṣe wọlé nìyẹn, tí epo mọ́tò kún ọwọ́ rẹ̀, tó bá ìyá rẹ̀ àti èmi níbi tí a ti di mọ́ra wa, tí a ń sunkún, tí a ń rẹ́rìn-ín. Títí di òní a ò tíì mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé fún un.

Lọ́sẹ̀ kejì, Alhája gbé ìrẹsì Ọ̀fàdà lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ kó lọ̀ ọ́ ní ìyẹ̀fun, wọ́n dúró tì í pé kó fọ ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ tónítóní kí àlìkámà ẹlòmíì má bàa kù síbẹ̀. Wọ́n gbé ìyẹ̀fun náà fún Bísọ́lá, wọ́n ra páànù tuntun tì í. Kéèkì àkọ́kọ́ le débi pé a lè fi pa ẹ̀kùrọ́. Ìkejì tú ká lọ́wọ́ wa bí iyanrìn. Ìkẹta dùn, mo sì jẹ ẹ́ tomijé-tomijé, nítorí ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti jẹ kéèkì gbẹ̀yìn. Títí di òní, Bísọ́lá máa ń ṣe é ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, inú páànù tiẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè gúlútẹ̀nì lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, àlàyé tó máa ṣe fún un, dókítà mi gan-an ò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní irú ìyá ọkọ yìí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ṣòro: ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ á wá nǹkan tí wàá jẹ, tó o bá ṣáà ti jẹ́ kó mọ nǹkan tí o ò lè jẹ. Irọ́ ààwẹ̀ mi ò sì tíì kúrò nílẹ̀. Ní Ràmàdáánì tó kọjá, tí mo gbààwẹ̀ tòótọ́, tí ẹnu mi gbẹ fúrúfúrú, mo lọ ṣínu lọ́dọ̀ Alhája. Bí wọ́n ṣe pe Mọ̀gàrí, wọ́n na ọwọ́ sí mi.

"Sún mọ́ mi. Jẹ́ kí n wo ètè rẹ."

Wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n fi etí ìborùn wọn nù ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu kéèkì Ọ̀fàdà, wọ́n nà án sí mi lẹ́nu. Ẹ̀rín ara mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, àmọ́ mo la ẹnu gbàgà, mo sì jẹ ẹ́.