Ọjọ́ Tí Mo Pa Kọ̀ǹkọ̀ Àna Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí wọn óò fi gbé mi sin: ọjọ́ tí mo lọ pẹja fún àna mi ní Ayétòrò.

Àgbẹ̀ kòkó ni mí ní Kàbà nígbà náà, ọdún díẹ̀ kí òyìnbó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kẹ̀kẹ́, orí mi sì wú. Dọ́káàsì ni mo fẹ́ fi ṣaya. Nínú ìdílé wọn, ọkọ ìyàwó gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ pẹja fún àna kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ewé kan ni wọ́n ń gún dà sínú adágún ẹ̀yìn oko wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹja á fi léfòó. Gígún ewé yẹn, iṣẹ́ odidi àárọ̀ kan ni. Mo wo odó, mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi, mo rántí ìgò oògùn tí wọ́n fún wa láti fi pa kòkòrò ara kòkó, tó ṣì wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi. Mo ní ọgbọ́n dé.

Mo da ìdajì ìgò sómi. Kò pẹ́, ẹja ń yíkùn sókè. Mo kó wọn kún apẹ̀rẹ̀ méjì, mo gbé e fún ìyá Dọ́káàsì, gbogbo ilé ń yìn mí. Mo fi àyà gba ìyìn náà, mo padà lọ kó èyí tó kù.

Adágún náà ti dákẹ́ jù. Kọ̀ǹkọ̀ kú lọ bẹẹrẹ létí omi. Lékeléke kan tó jẹ nínú ẹja mi ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Ó fẹ́ fò, ó fẹnu gúnlẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ àna mi mẹ́fà ti kú sójú omi. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí ẹja kan náà ló wà lórí iná nílé.

Mo sáré. Ṣùgbọ́n ta ní ń sáré nílé àna? Gbogbo ará ilé ìyàwó tí o bá pàdé lo gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún, o ò sì gbọ́dọ̀ dìde títí wọn óò fi dá ọ lóhùn. Mo pàdé àbúrò bàbá Dọ́káàsì, mo dọ̀bálẹ̀. Ó kí mi pé, "Okun o," ó wá béèrè ìyá mi, bàbá mi, iṣu mi àti kẹ̀kẹ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sáré díẹ̀, mo pàdé ìyá àgbà wọn. Ilẹ̀ tún gbà mí. Nígbà tí mo máa fi dé agboolé, eruku ti bo imú mi, ìyá Dọ́káàsì sì ń bu ọbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹja yẹn."

Ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ìyá ní òun ò rí irú ọkọ ìyàwó yìí rí, tó ń fi ẹja tọrẹ tó tún ń ṣọ́ ìkòkò. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè mí ní ahun, bẹ́ẹ̀ ni bàbá Dọ́káàsì ń na ọwọ́ sí àwo. Mi ò mọ ìgbà tí mo ta ìkòkò àti àwo nípàá.

Mo jẹ́wọ́ tán, baba ò lù mí. Ó mú mi lọ sí adágún, ó ní kí n gbẹ́ kòtò kí n sin gbogbo wọn, àti pẹ́pẹ́yẹ àti kọ̀ǹkọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ewé tí àwa ń gún, omi á mọ́ padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Tìrẹ yìí, a ò mọ̀. Ọjọ́ tí kọ̀ǹkọ̀ bá tún ké níbí ni wàá mú ọmọ mi lọ."

Òjò dé, adágún kún, kọ̀ǹkọ̀ kankan ò ké. Gbogbo Sátidé ni mò ń gun kẹ̀kẹ́ láti Kàbà wá tẹ́tí létí omi. Nígbà tó sú mi, mo kó kọ̀ǹkọ̀ mẹ́rin láti odò wa sínú akèrègbè, mo yọ́ wọn dà síbẹ̀. Nígbà tí mo tún wá, baba ti ṣa òkú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ. Ó na ọkọ́ sí mi.

Òjò ọdún kejì ni ọ̀kan tó ké. Ohùn rẹ̀ há, síbẹ̀ omijé bọ́ lójú mi. Iṣẹ́ àárọ̀ kan ni mo sá fún, ọdún méjì ni mo fi jẹ ìyà rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọgbọ́n bíi tèmi, kó fi í sílé. Mo sáré lọ pe baba. Òun náà dúró, ó gbọ́ ọ, ó mi orí.

Ó ní, "Ọ̀kan ṣoṣo nìyẹn. Jẹ́ kí òun náà kọ́kọ́ rí ìyàwó."

Mo bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ baba ò ṣeré. Oṣù mẹ́ta ni mo tún fi dúró kí kọ̀ǹkọ̀ kejì tó ké, kí n tó mú Dọ́káàsì lọ.