Àrùn Tó Fo Ọgbà

Ẹjọ́ tó wọ àgbàlá Morena Mpiti, baálẹ̀ wa, láàárọ̀ àná kì í ṣe ti màlúù, kì í ṣe ti ilẹ̀. Igi píà ni, èso olómi dídùn tó fẹ́ràn òtútù òkè wa. Bàbá kan, Ntate Sekhonyana, ló pe ìyá opó tó múlé tì í, 'M'e Mathakane, lẹ́jọ́. Ó ní kí Morena pàṣẹ kí wọ́n gé igi opó náà lulẹ̀.

Mathakane káwọ́ sábẹ́ kúbùsù tó fi bora. Ọkọ rẹ̀ ló gbin igi náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ náà, igi yìí nìkan ló kù fún un láti kí láàárọ̀.

"Kí ni igi ṣe yín?" ni Morena bi Sekhonyana.

"Ara rẹ̀ le jù, Morena. Àrùn tó ń fi àmì dúdú sára ewé kọ́kọ́ lọ bá a, kò ríbi wọlé. Ló bá fo ọgbà wá sọ́dọ̀ tèmi. Èso mi dúdú, ó sán, ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá ń yẹra fún un. Ṣé igi tiwọn ò lè gba díẹ̀ níbẹ̀ ni?"

Ẹlẹ́rìí rẹ̀, Ntate Lebusa, ní òun rí àrùn náà bó ṣe ń fo ọgbà, pé àrùn náà ga díẹ̀. Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ tún bi í, ó ní kùrukùru bolẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ò rí ọwọ́ ara òun.

"Kí lẹ wá rí?"

"Ohun tí Ntate Sekhonyana sọ fún mi."

Wọ́n ní kí opó náà fèsì. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Morena, irú igi yẹn ni kì í gba àrùn. Ọkọ mi gé ẹ̀ka rẹ̀ fún Ntate, kí wọ́n so ó mọ́ igi tiwọn kó lè dàgbà níbẹ̀. Wọ́n fi yan ẹran."

"Ìgbà òtútù ni," ni Sekhonyana wí. "Mo rò pé igi ìdáná ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ."

Morena bi í bóyá àrùn náà ṣì wà lọ́gbà rẹ̀. Ó ní ó wà, pé inú ewé tó bọ́ sílẹ̀ ló ń sùn sí, bí igi bá tún rúwé, á jí.

"Àlejò ń sùn lọ́dọ̀ yín látọdún tó kọjá, ẹ ò sì mú un wá fi hàn mí?"

Sekhonyana kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gba àlejò sílé lábúlé wa láìmú un wá síwájú Morena.

"Igi opó lé àjèjì tí kò mọ̀," ni Morena wí. "Kò jẹ̀bi, kò sẹ́ni tó máa gé e. Ẹ̀yin lẹ tẹ́ ẹní fún un. Ẹ ó ṣí fìlà lọ bẹ 'M'e Mathakane fún ẹ̀ka míì. Gbogbo ewé tó bá sì bọ́ lọ́gbà yín, ẹ ó kó o wá síbí, ẹ ó fi í hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó sun ún."

Mathakane mí kanlẹ̀. Sekhonyana ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ewé kọ̀ọ̀kan, Morena?"

"Kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ mọ àwọn tó ń gbé lábúlé mi."