Ìrọ̀lẹ́ Tí Rábíù Ka Àwọn Ará Ilé Búrẹ́dì

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, “Ẹni tí a ti kà rí ló mọ ènìyàn kà”? Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Rábíù ṣẹ̀wọ̀n ọdún méje nítorí ewúrẹ́ mẹ́ta. Nígbà tó jáde, Pásítọ̀ Ọ̀ṣúnkúnlé, tó máa ń bá àwọn tó tẹ̀wọ̀n dé wáṣẹ́, mú un káàkiri. Onípákó ní òun kò fẹ́. Alápatà bèèrè ohun tó jí, ó sì fi ọ̀bẹ júwe ọ̀nà ilé fún wọn. Alhaja Ṣìfáwù tó ni ilé búrẹ́dì kò sin ewúrẹ́. Òun ló gbà á ṣe aṣọ́nà, kó fi ọjọ́ kan dán an wò.

Pásítọ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Tí o bá ba èyí jẹ́, kò sẹ́ni tí yóò tún gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mi nílùú yìí.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, sà.”

Nígbà tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ sílé. Ara Rábíù kò gbà á. Ní gbogbo ọdún méje tó lò lẹ́wọ̀n, kò rí i kí ènìyàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé wọ́n kà á. Ó ti géètì.

“Gbogbo yín, ẹ lóṣòó ní méjì-méjì!”

Ohùn rẹ̀ le débi pé wọ́n lóṣòó. Alhaja sáré jáde.

“Rábíù! Kí ló ń ṣe ẹ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ lóṣòó. Ẹ ń dí mi lọ́wọ́.”

Alhaja kò mọ ìgbà tí òun náà lóṣòó.

Òṣìṣẹ́ méjìdínlógún ló wà, Alhaja ṣe ìkọkàndínlógún. Rábíù kà wọ́n, ó jẹ́ ogún. Ó tún wọn kà. Ogún.

“O ka ara rẹ mọ́ ọn ni,” ni Alhaja wí láti ilẹ̀.

“Ẹni tó ń kà kì í lóṣòó, mà.” Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá kígbe: “Ogún!”

“Ó pé, ọ̀gá!” ni ohùn kan dáhùn láti ẹ̀yìn.

Gbogbo wọn yíjú. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Olúkúlùkù ti rò pé ará ìdí ààrò ni. Òun nìkan ló lóṣòó bó ṣe yẹ, ó sì gbé ọwọ́ lérí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó gbé e. Àpò ṣúgà Alhaja wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Múkáílà,” ni Rábíù wí jẹ́jẹ́, “ìgbà wo lo jáde?”

“Ìjẹta ni, ọ̀gá.”

Alhaja gba ṣúgà rẹ̀, ó fa Múkáílà lé Pásítọ̀ lọ́wọ́, ó sì ní kí Rábíù máa bọ̀ lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, onípákó tó ti gbọ́ ìròyìn náà wá bá Pásítọ̀.

“Ẹ bá mi mú aṣọ́nà kan wá nínú àwọn èèyàn yín.”

“Múkáílà nìkan ló kù nílẹ̀. Ó jí ṣúgà lánàá.”

“Ṣé wọ́n ti kà á rí?”

“Fún ọdún mẹ́rin, láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.”

“Ẹ mú un wá.”

Títí dòní, kò sẹ́ni tó ń lọ sílé láìlóṣòó ní ilé pákó yẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá aṣọ́nà, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí a ti kà rí ló mọ ènìyàn kà.